Adégòkè Adélabù, alága ìlú wa

Nígbàkígbà tí mo bá gun òkè Mápó ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabù ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọdún 1951 ni ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n jọ wọlé ya sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, òun dúró ti ẹgbẹ́ NCNC, ìdúróṣinṣin yìí ni mo sì fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1954 ó di alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú, àwọn mẹ̀kúnnù sì kà á sí tiwọn, nítorí pé èdè tó yé wọn ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìgbìmọ̀ náà kò gbè é, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́, ó sì fi ipò mínísítà tó wà nínú ìjọba àpapọ̀ àti ti alága sílẹ̀ ní 1956. Síbẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni àwọn ará Ìbàdàn tún dìbò fún un, tí ó fi di olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń bá ìjọba jà níbẹ̀, «peculiar mess», ni àwọn ènìyàn wa sọ di «pẹnkẹlẹmẹẹsi». Ọmọ ọdún 42 péré ni, nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958.