Ohun tí ọmọ mi tó ní CAH (congenital adrenal hyperplasia, àìsàn àbínibí tí ara ò fi lè ṣe họ́mónù cortisol tó) kọ́ mi

Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ tuntun bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tó wá ń bì ṣáá, tí ò fẹ́ mu ọmú mọ́, tó ń rù, ẹ má jókòó sílé máa fún un lágbo o. Ẹ gbé e lọ ọsibítù, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ sodium àti potassium (àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀) ẹ̀ wò. Tèmi, wọ́n kọ́kọ́ ní infection ni, àfi ìgbà tí dókítà kan ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn tí wọ́n rí i pé sodium ti lọ sílẹ̀, potassium ti ròkè, ló bá ní kí wọ́n ṣe 17-OHP náà, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ CAH.

Ọmọkùnrin ni, abẹ́ ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíì, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Tobìnrin ló máa ń tètè hàn, torí họ́mónù ọkùnrin ti pọ̀ jù lára ẹ̀ látinú oyún, àwọn èèyàn á wá máa bi ara wọn pé ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ọmọ náà ní ilé ọmọ, ó ní ẹyin, tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa ó lè bímọ.

Ibi tó ti wá: nǹkan kékeré kan wà tó jókòó sórí kíndìnrín, adrenal, òun ló ń ṣe cortisol, họ́mónù tó ń jẹ́ kí ara lè fara da àìsàn, tó tún ń ṣe aldosterone tó ń di iyọ̀ mú sára. Jíìnì CYP21A2 ló bàjẹ́ níbẹ̀, ti bàbá àti ti ìyá. Bíi AS àti AS ló rí, ara àwọn òbí le koko, àmọ́ gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ilé bàbá mi ni mo ti gbé e wá, mo ní ẹ̀gbọ́n mi òótọ́ ni, àmọ́ àbúrò yín náà gbé ìdajì tiẹ̀ wá.

Oògùn ẹ̀ ni hydrocortisone (tó ń dípò cortisol) lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, àti fludrocortisone (tó ń dípò aldosterone) lẹ́ẹ̀kan. Hóró hydrocortisone 10 mg ni wọ́n ń tà, 2.5 mg ni ọmọ mi ń lò lẹ́ẹ̀kan nígbà yẹn, mo máa gé e sí mẹ́rin, màá lọ ìdá kan láàárín ṣíbí méjì, màá kán omi sí i, màá fi síríǹjì tí ò lábẹ́rẹ́ fún un lẹ́nu. Àwọn tó ń sọ pé stẹ́rọ́ìdì ń ba ara jẹ́ kí n dá a dúró, mi ò dá wọn lóhùn mọ́ jàre. Ohun tí ara ẹ̀ ò lè ṣe fúnra ẹ̀ la ń fún un. Tó bá pọ̀ jù kò ní ga, tó bá kéré jù irun abẹ́ á yọ lọ́mọdé, á tètè ga, egungun ẹ̀ á sì tètè gbó kó wá dúró lójú kan, ìdí nìyẹn tí ò fi yẹ kẹ́ ẹ pa ọjọ́ klíníìkì jẹ.

Tí ibà bá mú un, hydrocortisone ẹ̀ á di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Tó bá ń bì í jáde, abẹ́rẹ́ ni, kíá. Lẹ́nu ọ̀nà emergency ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ ṣáà ní "ọmọ yìí ò ní cortisol, ẹ gún un ní hydrocortisone báyìí," kẹ́ ẹ na lẹ́tà dókítà sí wọn. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo, tíṣà ẹ̀ náà ní lẹ́tà kan lọ́wọ́.

Ẹ ra oògùn kó tó tán, torí ó máa ń wọ́n, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí kẹ́mísì fi prednisolone (stẹ́rọ́ìdì míì) rọ́pò hydrocortisone fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń rí fludrocortisone rà n'Íbàdàn láìdúró de Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.