Ìhá yèyé mi àti epo tó há sínú òkúta

Mo lọ sílé ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá yèyé mi lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹyìn, ni mo bá jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n wo fídíò kan lórí fóònù mi. Wọ́n ní kí leléyìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni? Mo ní rárá o mà, epo rọ̀bì ni, inú chip, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré tí mò ń fi ṣiṣẹ́ ní láàbù, ló wà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé epo rọ̀bì kàn wà nísàlẹ̀ bí omi kànga, pé téèyàn bá ti gbẹ́ ẹ kàn án ó parí. Irọ́ o. Inú ihò wínníwínní tó wà láàárín yanrìn tó ti dì di òkúta ló wà, àwọn ihò míì ò tó irun orí ní fífẹ̀, ojú ò sì lè ríran wọnú òkúta. Ìyẹn la ṣe ń ya irú ihò yẹn sára gíláàsì, ásíìdì á jẹ ẹ́, a ó fi gíláàsì míì dé e, gbogbo ẹ̀ ò tó káàdì ATM. A ó wá fi síríńjì ti epo wọlé, ká ti omi aláró tẹ̀ lé e, ká máa wo bí omi ṣe ń ti epo jáde lábẹ́ máíkírósíkóòpù. (Ẹ má bi mí nípa afẹ́fẹ́ o. Ẹyọ ìhó kan ṣoṣo tó bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti gbé, kí iná tún wá lọ, kí pọ́ǹpù dákẹ́, háà.)

Omi ya ọ̀lẹ sha. Ibi tó bá fẹ̀ ló ń gbà, á na bí ìka bíi mélòó kan síwájú, tó bá ti ráyè jáde báyìí, epo tó kù dayé ẹ̀. Ẹ̀kán epo kan wà nínú fídíò yẹn tó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó gíláàsì kan, omi ń gba ọ̀tún, ó ń gba òsì, fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò tiẹ̀ mira. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ gan-an, ní ọ̀pọ̀ ibi, epo tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fi omi tì í tán máa ń ju ìdajì lọ. Ìgbà tá a po èròjà tó ń ṣe bí ọṣẹ mọ́ omi wa ni ẹ̀kán yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó ń tín-ín-rín bí okùn, ó já, ó bá omi lọ. Mo pariwo o!

Yèyé mi ò pariwo. Wọ́n mú ìhá kan, wọ́n fún un, ó ṣì ń dán lọ́wọ́ wọn. “Mo fọ̀ ọ́ títí, epo ṣì wà lára ẹ̀. Kí ló dé tó fi ń tètè ràn tí n bá fi dáná?”

Wọ́n tún bi mí bóyá epo wà lábẹ́ Olósùnta, òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín. Òkúta tiwa ti le jù, kò ní ihò tí epo máa sá sí, Oloibiri ní Bayelsa lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èyí tó pọ̀ tó títà, ní 1956.

Yèyé mi ní, “Omi tútù lẹ fi ń fọ òkúta yín ni? Ẹ ò ṣe gbé e kaná?”

Mo dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn níbi tí epo bá ti ki jù, ooru omi gbígbóná ni wọ́n ń tì wọlẹ̀ kí epo lè rọ̀, kó ṣàn. Yèyé mi ti padà sídìí ìhá wọn.