‘Mi Ò Ṣe Nǹkan Kan’

Ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti tìlẹ̀kùn, ìnfátà ló ń gbé iná. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé fídíò wà níwájú mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ gbayawu, mo sì ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ni mo sọ háàdì dísíìkì mi tó dàgbà jù, 4TB, tí mo rà ní 2018. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á kọ́kọ́ kùn hùn-ùn ná, bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí àpótí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń parọ́ mọ́ ọn.

Ìgbéyàwó kan ló fà á. Kámẹ́rà mẹ́ta, wákàtí mẹ́fà. Àdìrẹ aláró ni ẹbí ìyàwó wọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn wá rí bí oríkì ìlú wa gan-an, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Fídíò 4K tí kámẹ́rà mi ń ká máa ń gba nǹkan bíi 45GB ní wákàtí kan. Ẹ sọ ọ́ di kámẹ́rà mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di wákàtí mẹ́fà, ó ti lé ní 800GB nìyẹn. Orí Ìyá Àgbà ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìgbà tí mo wá to kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra láti bẹ̀rẹ̀ gígé, àwòrán ò rìn dáadáa mọ́. Á dúró gbagidi, á tún fò siwájú bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá ìyàwó ti pè lẹ́ẹ̀mejì: “Bọ̀dá oní-fídíò, àwọn ará London ń bèèrè o.” Mo bá bínú sí dísíìkì. Mo ní arúgbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́.

Ni mo bá fi owó ránṣẹ́ sí Ìkẹjà. Wọ́n fi SSD tuntun, 2TB, irú dísíìkì ayára tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, sínú ọkọ̀, mo lọ gbà á ní gáréèjì. Irú èyí tó rí pẹlẹbẹ bí ṣingọ́ọ̀mù ni, NVMe, tí kì í lo wáyà rárá, orí bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n ń kì í bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti lọ sílé. Mo tú kọ̀ǹpútà. Ihò tí SSD yẹn máa wọ̀ wà lábẹ́ káàdì àwòrán, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, àfi kí n kọ́kọ́ yọ káàdì yẹn. Mo yọ ọ́, mo ki SSD bọ̀, mo de sìkúrù rẹ̀ bíńtín, mo dá káàdì padà. Mo tan kọ̀ǹpútà, fáànù ń yí, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Àyà mi já. Ìgbà tí mo wo inú ẹ̀ dáadáa ni mo rí i pé káàdì ò wọlé tán, ó yọ orí díẹ̀ lápá ẹ̀yìn, mo sì ti gbàgbé wáyà iná tí òun fúnra rẹ̀ ń lò. Mo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dún kẹ́, mo ki wáyà bọ̀, àwòrán dé. Mo jó. SSD tuntun náà hàn, mo tún jó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Mo wá Ìyá Àgbà, n ò rí i. Kò sí nínú àwọn dísíìkì, kò sí nínú BIOS pàápàá, ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ máa ń fi jí. Bí ẹni pé kò sí i nínú ilé rí.

Ẹ má bínú, mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ti pa mẹ́mọ́rì káàdì àwọn kámẹ́rà yẹn rẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, torí ìkómọjáde tí mo fẹ́ lọ ká ní Àbámẹ́ta. Èmi tí mo ń na ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ létí pé wọn kì í pa káàdì rẹ́ bí iṣẹ́ ò bá tíì wà níbi méjì. Kì í ṣe ìgbéyàwó nìkan ló wà lórí dísíìkì yẹn o. Àwòrán Arugbá àti ọdún Ọ̀ṣun tí mo ti ń ká láti 2019 wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìkómọjáde, mo pààrọ̀ wáyà dátà. Mo tún lọ ra òmíràn ní Ọláìyá. Mo yọ wáyà iná, mo fi ti dísíìkì kejì sí i. Pàbó. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, ó ń yí! Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún dísíìkì ṣe sọ fún mi lórí fóònù, láì tíì fojú rí i, pé ó ti kú, kí n gbé e wá, owó tó sì dá lé e tó ra dísíìkì tuntun mẹ́ta. Ẹlòmíràn ní kí n dì í sínú ọ̀rá, kí n gbé e sínú fìríìsà mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán ìyẹn wò. Tó bá jáde nínú òtútù, ìrì ni yóò sẹ̀ sí i lára, omi àti dísíìkì kì í ṣọ̀rẹ́. N ò sùn dáadáa ní alẹ́ Àìkú.

Ìrọ̀lẹ́ òní ni Ẹnjiníà, ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ráyè wá. Ọmọdé ni sí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí, èmi ni mò ń pè é ní ọ̀gá. Kò tíì jókòó tó fi bèèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí i gbẹ̀yìn?”

Mo ní: “Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn tàn án ni, mi ò rí i mọ́.”

N ò mọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì mí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi sì dúró tì wá. Ẹnjiníà ò fèsì. Ó yọ wáyà iná lára ògiri, ó fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́. Eruku ọdún méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ìka mi márààrún sì yà sórí ẹ̀yìn káàdì àwòrán ketekete. Ó wo àwọn ìka náà, ó wò mí. Ó rọra bèèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ìwé bọ́ọ̀dù yìí dà?”

Inú páálí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù la ti rí i, aláǹgbá ti yàgbẹ́ sí i. Ó ṣí i sí ojú ewé tó ya àwọn ihò, ó sì tọ́ka sí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí: bí nǹkan bá ti wà nínú ihò M.2 kejì, ihò SATA karùn-ún àti ẹkẹfà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. M.2 kejì yẹn ni mo ki SSD tuntun bọ̀; SATA ni àwọn ihò tí wáyà dátà dísíìkì ń wọ̀. Ihò karùn-ún ni wáyà Ìyá Àgbà wà. Gbogbo wáyà tí mo ń pààrọ̀, ihò karùn-ún yẹn náà ni mo ń kì wọ́n bọ̀ ṣáá.

Ó yọ wáyà, ó fi sí ihò SATA kejì, ó tan iná. Hùn-ùn. Ìyá Àgbà dé, gbogbo ẹrù rẹ̀ pé.

Bí mo ṣe yé e sí nìyí. Ọ̀nà tí dátà ń gbà kọjá lórí bọ́ọ̀dù níye. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ihò pọ̀ fún wa, wọ́n bá jẹ́ kí ihò kan àti èkejì máa pín ọ̀nà lò. Ààrò kan, ìkòkò méjì: tí ọ̀kan bá ti wà lórí iná, èkejì á dúró nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló rí bẹ́ẹ̀, ihò tó ń tì sì yàtọ̀ láti ọ̀kan sí òmíràn, ìwé tiyín nìkan ló lè sọ fún yín. Nígbà mìíràn, ihò káàdì ní ìsàlẹ̀ ni yóò tì.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀lé e. Ẹnjiníà ní kí n ṣí iṣẹ́ ìgbéyàwó yẹn, kí n jẹ́ kó máa lọ, kí òun wo nǹkan. Kámẹ́rà mẹ́ta ń lọ, ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ dísíìkì kò tó 40MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyá Àgbà lè gbé 150MB láì mí gúlegúle. Púrósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà ní 100%. Kámẹ́rà mi kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi, á tọ́jú ọ̀kan, á wá kọ ìyàtọ̀ àwọn tó tẹ̀lé e. Kí kọ̀ǹpútà tó lè fi ọ̀kan hàn mí, àfi kó tú àwọn tó ṣáájú. H.265 lorúkọ ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò yìí, irú rẹ̀ tí mo sì ń ká, 10-bit 4:2:2, káàdì àwòrán tèmi ò lè tú u, ni gbogbo ẹrù bá já lé púrósẹ́sọ̀ lórí. Tí mo bá gbé fídíò náà sórí SSD tó ń sá 3000MB, bákan náà ni yóò máa fò. Ohun tí mo nílò ò náwó: kí n ṣe proxy, ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ tí mo lè fi gé e, kí kọ̀ǹpútà padà lo ojúlówó nígbà tí mo bá fẹ́ gbé e jáde.

Mo bèèrè ìlera dísíìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 21,000 ó lé, ibi tó bàjẹ́ lára rẹ̀, 0. Àṣìṣe wáyà nìkan ló ní, 14. Mo fura pé èmi ni mo ni gbogbo wọn.

Kí Ẹnjiníà tó lọ, mo sọ òótọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo mọ̀ sà.” Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yára yí ojú sí ògiri.

Mo ń da ohun tó wà lórí Ìyá Àgbà, 1.4TB, sórí SSD tuntun báyìí, ó kúkú wúlò fún nǹkan kan. Ó ku 310GB. Ìnfátà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ń lọ tan jẹnẹrétọ̀.