Irọ́ Kan Ṣoṣo Ni Òǹkàwé Máa Gbà Lọ́wọ́ Yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sci-fi, ìyẹn ìtàn àròsọ tó dá lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa bá àwọn tó ń kọ ọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Físíìsì ni mo kọ́ ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ni mo wá bọ́ sídìí iṣẹ́ ẹ́dítọ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ò ju kí n máa ka draft àwọn tó ń kọ sci-fi, kí n sọ fún wọn pé ibi báyìí dùn, ibi báyìí ò dùn, ẹ lọ tún ibi báyìí ṣe. Ká ní ẹ bi mí lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ pé kí ló dé táwọn èèyàn fi fẹ́ràn sci-fi tó báyẹn, wàrà ni ǹ bá dá yín lóhùn pé ẹ̀rọ ni, ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti ba iṣẹ́ ẹnì kan jẹ́ kí n tó mọ̀.

Ẹni yẹn kọ ìtàn nípa obìnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ojú sánmà ṣe. Ìtàn náà dáa. Èmi ni mo ní kó fi àlàyé kún un, pé báwo ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, epo wo ló ń lò, kí ni wọ́n ṣe tí kì í fi í gbóná jù, torí pé èmi fúnra mi ni mo gbádùn irú ẹ̀, ó sì ṣe é, ó kọ ojú ewé mẹ́rin gbáko. Nígbà tá a wá kó ìtàn náà fún èèyàn mẹ́sàn-án kà kó tó jáde, mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ibo ni wọ́n ti ń fojú fò, méje nínú wọn nawọ́ sí ojú ewé mẹ́rin yẹn. Àwọn méjì tó kù ní àwọn kà á, ṣùgbọ́n wọn ò rántí nǹkan kan tó wà níbẹ̀. Ibi tí gbogbo wọn rántí, tí wọ́n ń ròyìn ẹ̀ bíi pé ó ṣojú wọn, ni ibi tí obìnrin yẹn ti jí lóru torí pé ìró ẹ́ńjìnnì yí padà díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láìwọ bàtà, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ bóyá ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ìlà méjì péré ni. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn torí pé èmi ni mo fa ojú ewé mẹ́rin yẹn, àmọ́ ọjọ́ yẹn lojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Nǹkan tí mo wá rí látìgbà yẹn ni pé irọ́ kan ṣoṣo ni òǹkàwé sci-fi máa ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹyọ kan. Á gbà á, kò ní bá yín jà, ó mọ̀ pé ìdí ìtàn nìyẹn. Àmọ́ gbàrà tó bá ti gbà á tán, òótọ́ ló kù tó ń retí, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bá irọ́ yẹn mu délẹ̀délẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé láti ọ̀la lọ, kò sẹ́ni tó nílò oorun mọ́. Irọ́ wa nìyẹn. Ó yá, kí ló máa dé bá àwọn tó ń ṣọ́ ilé lóru? Ṣé àwọn ọ̀gá máa sanwó wákàtí mẹ́jọ tó ṣẹ́kù yẹn ni àbí wọ́n á kàn ní iṣẹ́ òòjọ́ ti di wákàtí mẹ́rìndínlógún? Tọkọtaya tí wọ́n ń jà, tó jẹ́ pé oorun ló máa ń là wọ́n, ta ló máa wá là wọ́n? Ọmọ tuntun ńkọ́, tóun náà ò bá sùn, ìgbà wo ni ìyá ẹ̀ á ráyè ti ara ẹ̀? Ẹni tó ń kàwé á ti máa ṣírò gbogbo ẹ̀ lọ́kàn kó tó ṣí ojú ewé kejì, tó bá wá débi tí òǹkọ̀wé ti ro nǹkan tóun ò rò, á kígbe, á ní "hẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n!" Mo ti gbọ́ igbe yẹn lẹ́nu àgbàlagbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọdún mọ́kànlá, igbe kan náà ni.

Mi ò sọ pé ìtàn tó kún fún idán ò dáa o, mo fẹ́ràn ẹ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ ló ń ṣe féèyàn. Ti sci-fi yàtọ̀ torí pé òǹkàwé lè mú yín. Ó lè sọ pé ẹ ti sọ lókè pé kò sí afẹ́fẹ́ níbí, báwo ni iná ṣe wá ń jó? Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló máa ń bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ń wá ẹ̀sùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí i. Òun gan-an ló ń gbádùn ìtàn yín jù, torí pé ẹni tí kò bìkítà ò ní jókòó máa yẹ iná wò.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àsọtẹ́lẹ̀ ló ń fa àwọn, pé sci-fi ń sọ bí ọjọ́ iwájú ṣe máa rí. Èyí ò wọ̀ mí létí rí. Ẹ lọ ka àwọn tí wọ́n kọ láàárín 1940 sí 1960, inú àwọn kan nínú wọn lẹ ti máa rí atukọ̀ tó ń lọ sí ìràwọ̀ míì, tó sì ń fi slide rule, ìyẹn rúlà tí wọ́n fi ń ṣírò kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, ṣírò ọ̀nà. Tó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ la fi ń wọ̀n wọ́n ni, à bá ti kó wọn dànù tipẹ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń dùn. Ohun tí mo rò pé sci-fi ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kéèyàn bá nǹkan gbé lọ́kàn kí nǹkan ọ̀hún tó dé, bóyá ó dé o, bóyá kò dé. Ẹ wo ti H.G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1914 ó kọ ìtàn kan tí bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ti ń jó ìlú ńláńlá run, kò sì sẹ́nì kan láyé nígbà yẹn tó mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1932 onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Leo Szilard ka ìwé yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dúró létí títì ó fẹ́ sọdá, ibẹ̀ ló ti rò ó pé tí nútírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn nǹkan tíntìntín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, bá lu átọ́ọ̀mù tí méjì sì jáde, méjì yẹn á lu átọ́ọ̀mù méjì míì, mẹ́rin á jáde, á máa pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ títí agbára tó ń jáde á fi tó ti bọ́ǹbù. Ó kọ̀wé béèrè fún patent, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, lórí ẹ̀ lọ́dún 1934, àmọ́ nígbà tó di 1936 ó gbé e fún àjọ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lè di àṣírí, òun fúnra ẹ̀ ló sì sọ lẹ́yìn náà pé ohun tóun fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ ni pé òun ti ka Wells. Ẹ gbọ́ o, ìtàn yẹn ò fún un ní fọ́múlà kankan, Wells gan-an ò ní in lọ́wọ́. Ẹ̀rù ló fún un, ó fún un lásìkò tó wúlò, nígbà tí kò tíì sí bọ́ǹbù kankan. Ọjọ́ tí mo kà nípa èyí, mi ò lè ṣe nǹkan míì fún ìgbà pípẹ́.

Bí nǹkan ṣe tóbi tó náà tún wà níbẹ̀. Ìyanu yẹn, tó máa ń jẹ́ kí ara èèyàn ta gììrì, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló jẹ́ pé òun ni wọ́n ń wá kiri láti ìwé dé ìwé. Àmọ́ nọ́ńbà nìkan kì í fún wọn. Tẹ́ ẹ bá sọ féèyàn pé ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù, ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ní "ẹn-ẹn," á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ wá sọ fún un pé Voyager 1, ọkọ̀ ojú sánmà tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, tí wọ́n jù sókè lọ́dún 1977, tó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dojú kọ ó máa gbà á ju 70,000 ọdún lọ, ẹ máa rí i tó dákẹ́. Ìtàn tó dáa á wá fi èèyàn sínú ọdún yẹn, á fi ìgbéyàwó sí i, á fi ọmọ tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ sí i, ọmọ tó ń béèrè pé òjò tẹ́ ẹ máa ń sọ yìí, ṣé ó máa ń dun èèyàn tó bá kàn án? Èmi tí mo kọ́ físíìsì, kíláàsì ni mo ti mọ nọ́ńbà yẹn, inú ìtàn ni mo ti mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti rọ́bọ́ọ̀tì, torí pé ibi tí mo ti kọ́gbọ́n jù nìyẹn nípa àwọn tó ń kàwé. Inú eré orí ìtàgé kan tí Karel Čapek, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ lọ́dún 1920 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ jáde, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Josef ló mú un wá fún un, láti ara robota, tó jẹ́ pé lédè Czech iṣẹ́ àfipáṣe ló túmọ̀ sí. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì inú eré yẹn kì í tiẹ̀ ṣe onírin, wọ́n fara jọ èèyàn délẹ̀. Tó túmọ̀ sí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Tẹ́ ẹ bá jókòó ti èèyàn tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ẹ jẹ níbi iṣẹ́, á gbaná jẹ, àbí kó ní òun ò fẹ́ gbọ́. Gbé e lọ sí ayé míì, fi rọ́bọ́ọ̀tì dípò ẹ̀, á gbọ́ ọ tán. Obìnrin kan wà lára àwọn tó máa ń bá mi ka draft, ó sọ fún mi pé ojú ewé kan ṣoṣo lòun kà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìtàn kan, ibi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti bi ọ̀gá ẹ̀ pé, "Tí mo bá bàjẹ́, ṣé ẹ máa tún mi ṣe ni àbí ẹ máa lọ ra òmíì?" Mo bi í pé kí ló dé tó fi kà á léraléra. Ó ní òun náà ti fẹ́ bi àwọn ọ̀gá òun ní ìbéèrè yẹn láti bí ọdún mẹ́fà.

Àwọn tó jẹ́ pé ogun àti ìbúgbàù ni wọ́n torí ẹ̀ wá náà wà, kò sóhun tó burú níbẹ̀, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́.

Ìtàn tó jẹ́ kí gbogbo èyí yé mi pọ̀ nìyí. Ọmọkùnrin kan kọ ìtàn nípa ìyá kan tó wà láyé níbí, ọmọ ẹ̀ obìnrin sì lọ ṣiṣẹ́ ní Mars. Irọ́ tó tọrọ ò ju pé èèyàn ti ń gbé Mars. Draft àkọ́kọ́, ojú ewé mẹ́wàá ló fi ṣàpèjúwe ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, ó wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ pé ohùn máa ń lo ìṣẹ́jú 22 kó tó dé. Mo bi í pé tí ìyá yìí bá ní "ṣé o ti jẹun?", ìṣẹ́jú 22 lọ, ìṣẹ́jú 22 bọ̀, kí ni ìyá ń ṣe fún ìṣẹ́jú 44 yẹn? Ó wò mí, kò fèsì, ó lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà dé. Ìyá ti ń ká aṣọ. Nígbà tó yá ìyá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kì í dúró mọ́, á ní, "Ṣé o ti jẹun? Ó dáa. Kí lo wá jẹ? Háà, ìyẹn nìkan? O ò ń jẹun dáadáa," ó ń dá àwọn èsì yẹn fi síbẹ̀ fúnra ẹ̀ torí pé ó mọ ọmọ ẹ̀. Tí ẹ̀rín ọmọ bá sì wá dé, ọ̀rọ̀ tó ń rín yẹn, ìyá ti gbàgbé pé òun sọ ọ́.

A kó o fáwọn tó ń bá wa kàwé. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ẹ̀, àfi ẹnì kan tó kọ̀wé gígùn wá. Ó ní ìtàn yẹn gba ohun tó lé lọ́dún kan, kí ló dé tó jẹ́ ìṣẹ́jú 22 ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ó ní ayé ń yí oòrùn ká, Mars náà ń yí i ká, wọn ò sáré bákan náà, nǹkan bí oṣù 26 síra wọn ni wọ́n máa ń súnmọ́ra, ohùn ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́fà lọ lásìkò yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá máa jìnnà síra wọn díẹ̀díẹ̀ fún bí oṣù 13 kó tó di 22. Ó ní tí Mars bá sì lọ sẹ́yìn oòrùn pátápátá, oòrùn máa ń da ọ̀rọ̀ rú, bíi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kì í fi í fi àṣẹ ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kọ́kọ́ fajú ro. Mo ní kó sinmi lé e, kó sùn lé e ná.

Ó tún un kọ. Ní báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀, ìyá àti ọmọ ṣì ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Aṣọ kan ló ń ká nígbà tó ń dúró de èsì, oṣù tó tẹ̀ lé e ó ti di mẹ́ta, nígbà tó yá gbogbo aṣọ ilé ti tán, ó ń tú èyí tó ti ká kó lè tún wọn ká. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí ohùn kankan dé. Ojú ewé kan àtààbọ̀ ló fi kọ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Mo fi draft tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣàròyé. Ó tún mú bírò, ó tún un ṣírò látòkè délẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan àti iye ìṣẹ́jú ẹ̀. Ó ní ó pé.