Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín léèrè àwọn tí kò yọrí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ìbàdí mi

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń fi òrí àti àdín pa orókún tí kò ní àìsàn kankan lára. Orókún ọ̀tún ni, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ màṣíìnì. Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Òkè-Àjẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba ló sì ń mú owó wọlé fún mi jù. Tí Iléyá bá ti ku oṣù kan, a kì í sùn. Nígbà tí orókún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ohun tí gbogbo ènìyàn sọ ni mo gbà: iṣẹ́ ló fà á, tàbí kó jẹ́ làkúrègbé. Mo lọ sọ́dọ̀ teguntegun kan. Bàbá náà fọwọ́ wò ó títí, ó ní egungun kankan kò ṣẹ́ níbẹ̀, òun kò sì ní gba owó mi. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún un. Ilé ìwòsàn tí mo lọ lẹ́yìn náà ya X-ray orókún yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n kó oògùn ìrora fún mi, mo sì padà sídìí màṣíìnì.

SS ni mí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan sí i.

Ọmọdékùnrin kan tó ń ṣe físíò ló gbà mí. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ mi gbọọrọ, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó wá rọra yí i sínú bí ẹni ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Mo pariwo débi pé àwọn tó wà níta sáré wọlé. Ó ní, “Àǹtí, ibo ló dùn yín?” Mo nàka sí ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn. Ó mi orí. “Kì í ṣe orókún ló ń ṣe yín, ìbàdí ni.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eléyìí ṣeré. Oríkèé ìbàdí lè bàjẹ́ kó jẹ́ orókún ni yóò máa ké, nítorí okùn tó ń gbé ìrora ìbàdí lọ sí ọpọlọ ń gbé ti orókún náà. Àwa tí a jẹ́ SS ló yẹ ká tètè fura jù. Ẹ̀jẹ̀ wa máa ń tẹ̀ bí dòjé, yóò sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín. Orí egungun itan kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó ń bọ́ ọ. Tí ìwọ̀nba tó ní bá ti dí, egungun yóò kú níbẹ̀, yóò sì wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ya ìbàdí mi, ti apá òsì rí roboto bó ṣe yẹ. Ti ọ̀tún dà bí àgbálùmọ̀ tí ẹnì kan jókòó lé. Bí orókún bá ń ro yín tí X-ray rẹ̀ sì mọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya ìbàdí.

Wọ́n ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Oníṣẹ́ abẹ kìíní tí mo rí wo aago lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi. Mo bi í bóyá ewu wà níbẹ̀, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò séwu. Wọ́n fẹ́ gé orí egungun èmi SS, ẹnì kan ní kò séwu! Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ẹnì kejì, mo bi í ní ìbéèrè kan náà, ó fa ìwé ńlá kan yọ láti inú dúrọ́ọ̀. Ó ṣí i, ó ní nínú àwọn SS tí òun ti ṣe fún, ìbàdí ẹnì kan yẹ̀, kòkòrò wọ ti ẹnì kan, wọ́n sì ní láti yọ ọ́. Ó sọ ohun tó fà á. Ó sọ ohun tí òun ti ń ṣe yàtọ̀ láti ìgbà náà: ẹ̀jẹ̀ yóò wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, wọn kò ní jẹ́ kí òtútù mú mi nínú tíátà, wọn kò sì ní jẹ́ kí omi gbẹ lára mi, nítorí òtútù àti òùngbẹ ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa tẹ̀. Ìwé yẹn ni mo fi yàn án.

Òun náà ló sọ ìtàn John Charnley, oníṣẹ́ abẹ egungun kan, fún mi, mo sì ti kà nípa ọkùnrin náà dáadáa láti ìgbà náà. Wọ́n bí i ní ìlú Bury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1911. Nígbà tirẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì kan ní Paris, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jẹ́ Judet, ti ń fi orí oníke rọ́pò orí egungun itan. Ọkùnrin kan tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún wá bá Charnley: ìbàdí rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, débi pé bó bá na ọwọ́ mú nǹkan lórí tábìlì oúnjẹ, ńṣe ni ìyàwó rẹ̀ ń sá kúrò nínú yàrá. Ẹlòmíràn ì bá ní kó máa fara dà á. Charnley jókòó ti ariwo yẹn, ó sì rí i pé nǹkan méjì ló ń ha ara wọn níbẹ̀, pé àfi kí oríkèé máa yọ̀.

Orí irin kékeré ló ṣe, ó sì fi Teflon ṣe ihò tí yóò máa yí nínú rẹ̀, Teflon tí wọ́n fi ń bo pánù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Sìmẹ́ńtì tó fi gbé wọn dúró nínú egungun, ìbátan ohun tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni. Ó ṣe é fún bí 300 ènìyàn, inú wọn sì dùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Teflon bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ń ba ara jẹ́ yíká oríkèé. Kò sá. Ó padà sídìí àwọn aláìsàn rẹ̀, ó ń tún wọn ṣe. Ó tún mú Teflon yẹn, ó gún un sí itan ara rẹ̀ láti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe fún ẹran ara. Ibi tí dókítà mi sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí omi fi bọ́ lójú mi.

Ní oṣù karùn-ún 1962, ọlọ́jà kan gbé ike mìíràn wá sí Wrightington, ilé ìwòsàn tí Charnley ti ń ṣiṣẹ́. Ike tí wọ́n fi ń ṣe jíà ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Lancashire ni. Charnley kò kà á sí. Harry Craven, tó ń bá a ṣe àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, kò jù ú nù. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò nígbà tí ọ̀gá rìnrìn-àjò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì jẹ tó èyí tí Teflon ń jẹ ní ọjọ́ kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ti wà lára ènìyàn. Ọmọ ìyá ọ̀rá tí a fi ń di gàrí ni ike yìí, àmọ́ wọ́n mú un ki gan-an. Irú rẹ̀, tí wọ́n ti tún ṣe sí i, ló wà lára mi lónìí. Èmi tí mo ti ń gé aṣọ-òkè láti kékeré, inú ẹ̀rọ ìhunṣọ ni ìbàdí mi ti wá.

Charnley kò sì yéé ka iye àwọn tí kò yọrí. Kòkòrò ń wọ ojú iṣẹ́ abẹ bíi 7 nínú 100. Ó ṣe yàrá kékeré sínú tíátà tí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ nìkan ń wọ̀, ó sì ń kà á títí tí kò fi tó 1 nínú 100. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá fẹ́ gbé egungun yín lé lọ́wọ́, ẹ bi í pé: mélòó ló padà wá bá yín, kí ló dé, kí lẹ yí padà? Kì í ṣe àrífín. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í.

Ti owó, n kò ní sọ púpọ̀. Àjọ àti ẹ̀gbọ́n mi ni.

Àwọn ohun tó wà nílé ló ṣòro jù. Fún oṣù mẹ́ta, orókún mi kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ, n kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìrọ̀rí ló ń wà láàárín itan mi bí mo bá sùn. Àpótí inú ilé ìdáná di èèwọ̀: dídúró ni mo fi ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Káfíńtà ló kan àga gíga fún mi. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ló ń kọ́kọ́ gòkè. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ló ń ṣíwájú. Mo fi mọ́tò sí màṣíìnì, ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.

Ìkúnlẹ̀ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí ìyá ọkọ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá méjì, ojú ń tì mí. Màmá dìde, wọ́n di èjìká mi mú. “Ìyàwó mi, má wulẹ̀ tẹ̀ ba. Ìkúnlẹ̀ rẹ ti dé ọwọ́ mi.” Ẹ sọ fún àwọn àgbà yín kí ẹ tó lọ sí tíátà, kó má baà di ọ̀ràn ní ọjọ́ ìnáwó.

Wọ́n fún mi ní káàdì kan tó ní orúkọ ohun tó wà lára mi, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Ẹ bèèrè fún tiyín. Mo fi ọ̀rá wé tèmi, ó wà nínú pọ́ọ̀sì, fọ́tò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ọdọọdún ni mo ń lọ ya X-ray, ara ò báà le koko. Ti ọdún yìí, mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ojúde Ọba, torí aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí n kò tíì gé.