Pọ́ǹpù tó wà lábẹ́ ṣòkòtò mi

Níbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham lọ́dún 2018, mo pàdé ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti Ìbàdàn wá. Ó yẹ kí n nà gbalaja síwájú wọn. Ọwọ́ kan péré ni mo fi kanlẹ̀, mo sì yára nàró. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé òyìnbó ti gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá sọ? Pé tí mo bá fi àyà kanlẹ̀, kí n tó dìde tán ìtọ̀ á ti tú, léèsì funfun ni mo sì wọ̀?

Ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n yọ próstéètì mi, ẹran kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, nítorí jẹjẹrẹ. Nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ni jẹjẹrẹ yìí máa ń mú láyé rẹ̀, èmi ló kàn. Jẹjẹrẹ lọ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ojú ọ̀nà ìtọ̀ dé fara gbọgbẹ́. Mo wúkọ́, ó tú. Mo sín, ó tú. Dérébà bọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, nọ́ńbà 53, láti Plumstead gba Woolwich, gba Old Kent Road. Páàdì mẹ́rin ni mo ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí n máa fún ìdí mọ́ra lójoojúmọ́, bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó dúró láàárín àwọn àna rẹ̀. Mo fún un fún oṣù mẹ́wàá. Ó ran àwọn míì lọ́wọ́, kò ràn mí.

Ti àlùwàlá ló dùn mí jù. Mo lọ bá ààfáà, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni ìtọ̀ ń kán lára rẹ̀, kí ló máa ṣe? Wọ́n ní tí àsìkò ìrun kọ̀ọ̀kan bá wọlé, kó ṣe àlùwàlá tuntun, kó kírun rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń lọ ni wọ́n ní, "Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ o." Síbẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo ń dúró sí ní Jímọ̀, nítorí òórùn. Nígbà tó yá n kò lọ mọ́.

Nígbà tí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ kan tó lè dá ìtọ̀ náà dúró, wọ́n ní kí n wọn gbogbo páàdì tí mo lò láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Òṣùwọ̀n tí Ìyá Rídwáànù fi ń wọn fúláwà ṣin-ṣín ni mo gbé. Mo rò pé ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́ ni. (Òṣùwọ̀n tuntun ló wà ní kíṣìnnì wa báyìí.)

Lọ́dún 2019 ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí mi lára. AMS 800 lorúkọ rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni, omi iyọ̀ ló kún inú wọn, rọ́bà tín-ín-rín ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan dà bí ìgbànú kékeré tí wọ́n fi yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, omi inú rẹ̀ ló ń fún un pa. Ìkejì jẹ́ fèrè rogodo nínú ikùn. Ìkẹta ni pọ́ǹpù, inú àpò ẹpọ̀n ló wà. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, mo fi ìka méjì fún pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, omi á kúrò nínú ìgbànú bọ́ sínú fèrè, ọ̀nà á là, mo tọ̀. Tó bá tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, omi á padà fúnra rẹ̀. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Dókítà kan tó ń jẹ́ Brantley Scott àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ti pẹ́ láyé tó báyìí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ le. Wọ́n á jẹ́ kí ojú abẹ jinná kí wọ́n tó tan án, nítorí náà mo ṣì ń wọ páàdì, mo sì ń bínú. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, nọ́ọ̀sì ní kí n wúkọ́. Mo wúkọ́. Gbígbẹ. Mo tún wú u lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wọ 53 padà sílé bí èrò, mo jókòó láì tẹ́ ọ̀rá sídìí.

Kì í ṣe pé ó pé pérépéré o. Tí mo bá gbé àpò ìrẹsì, ó lè kán díẹ̀. Kòkòrò lè wọ ibẹ̀, ìgbànú náà lè jẹ ara wọlé, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó lè lo ọdún mẹ́wàá, ó lè má lò ó. Wọ́n ní kí n yẹra fún gígun kẹ̀kẹ́. Èmi fi ọ̀kadà kún un fúnra mi.

Lọ́dún 2023, ibà gbé mi dálẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan mú rọ́bà wá, ó fẹ́ tì í sójú ara mi kí wọ́n lè máa wọn ìtọ̀ mi. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Tí wọ́n bá ti rọ́bà gba inú ìgbànú tó wà ní pípa, ó lè ya ọ̀nà ìtọ̀.

"Kí ló dé, Dádì?"

Káàdì tó yẹ kó bá mi sọ pé ẹ̀rọ wà lára mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ní London. Àbúrò mi obìnrin sì dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu mi wúwo. Mo sọ ọ́: jẹjẹrẹ, páàdì, pọ́ǹpù, ibi tó wà. Nọ́ọ̀sì pe dókítà. Mo fún pọ́ǹpù níṣojú wọn, mo tọ̀ sínú ike, wọ́n wọn ọ́n, ó parí.

Nígbà tí wọ́n jáde, àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé torí ẹ̀ lẹ ò fi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́sí? Wọ́n sọ ọ́ kárí ilé níbí o."

Bí ara mi ṣe yá, mo lọ sílé Bàbá. Mo nà gbalaja lórí síméǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo dìde, eruku ló wà lára ṣòkòtò mi, kò sí omi.

"Òyìnbó ti dá a padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."