Eyín dídùn n'Ìbàdàn, eyín dídùn ní Leeds

N'Ìbàdàn, tí eyín bá ń dùn ẹ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé "kí lo ti lò sí i?" Kò séèyàn tí ò ní oògùn tiẹ̀. Bùrọ̀dá fọkanáísà ní kí n fi ògógóró há ẹnu, ìyá aláta ní kànáfùrù ni kí n rún sínú ihò ẹ̀, ẹni tó wà ní kẹ́míìsì ní tiẹ̀ kó Ampiclox fún mi, kò tiẹ̀ ní kí n la ẹnu. Mo lo gbogbo ẹ̀. Tó bá ti di òru, eyín yẹn á máa sọ kì kì kì bí ẹni ń gúnyán, àfi bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ní Olúwa ṣeun.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún parí ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Dókítà ní àwọn lè ṣe root canal, ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ iṣan inú eyín, kí wọ́n sì dí i, ó pe owó ẹ̀, mo ní kó bá mi yọ ọ́ dànù jàre.

Ní Leeds, nílẹ̀ England, òmíì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ká sòótọ́, ibi ká rí dókítà eyín NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, tó ń gba èèyàn tuntun, ilé dáa ju ibí lọ, torí tówó bá ti wà lápò wọn á dá ẹ lóhùn lọ́jọ́ náà, èmi 111, nọ́ńbà ìlera NHS, ni mo pè tí mo fi rí ààyè. Ṣùgbọ́n dókítà eyín tí mo bá níbẹ̀, obìnrin ni, kò bi mí ní ohun tí mo lò o. Ó ní tí mo bá mu omi tútù, ṣé bí mo ṣe gbé e mì ni ìrora ẹ̀ ń lọ àbí ó ń dúró? Ó ní tó bá ń lọ kíá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn dí i, àmọ́ tó bá ń pẹ́, tí tíì gbígbóná tún ń dá kún un, tó ń jí mi lóru láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án, ó ṣeé ṣe kí iṣan inú ẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó fi òwú tó tutù bíi yìnyín kan eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí n tó ka éjì ó ti lọ. Ó kan èyí tó ń dùn mí, ṣe ni mo di àga mú. Ó tún fi ìdí dígí ẹ̀ gbá a kọ́ kọ́, ó ya x-ray.

Ó wá ní tó bá kàn dákẹ́ fúnra ẹ̀, kí n má yọ̀ o, iṣan ló lè ti kú, kòkòrò àìsàn ṣì wà níbẹ̀, antibiotic ò sì lè dé ibẹ̀ dáadáa torí ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn wọ̀ ọ́ mọ́. Tí ojú bá wú, tí ara gbóná, tí èèyàn ò lè gbé itọ́ mì, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo rántí "Olúwa ṣeun" mi.

Owó wá ńkọ́? Ní 2025 yẹn, £75.30 ni Band 2, ìpele kejì nínú owó tí NHS ń gbà fún eyín, yíyọ eyín àti root canal, iye kan náà ni méjèèjì. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó ṣe root canal.

Mo pe màmá mi lálẹ́. "Ṣé wọ́n fi kòkòrò yẹn hàn ẹ́?" Mo ní mọ́mì, iṣan ni wọ́n yọ. "Iṣan kẹ̀? Wọn ò wá a dáadáa ni."